Bọ́ọ̀dù Ẹlẹ́nìkan Lórí Pupuru Ìkọ̀yà

Bí ẹ bá dé Ìkọ̀yà, tí ẹ rí ọkùnrin kan tó wọ kóòtù nínú oòrùn ọ̀sán, tó há fáìlì mẹ́ta sí abíyá, tó sì ń wo aago ọwọ́ rẹ̀ bíi pé ọkọ̀ òfuurufú ń dúró dè é lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu láti béèrè orúkọ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ yóò sọ ọ́ kí ẹ tó kí i tán. Ọ̀gbẹ́ni Gbádégẹṣin ni: Gbádégẹṣin Aláṣẹ Ètò, Gbádégẹṣin Abìwé-rẹpẹtẹ, ọkùnrin tí kì í mu omi láì kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun fẹ́ mu omi.

Wọn ò bí i bẹ́ẹ̀ o. Títí di ọdún tó kọjá, jẹ́jẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe fọ́tókọ́pì fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Òkìtìpupa. Ìgbà tó yá ló lọ lo ọjọ́ márùn-ún ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ènìyàn bí a ṣe ń ṣètò iṣẹ́ ńlá. Ó lọ ní oníṣòwò, ó dé ní ọ̀gá àgbà. Mi ò bú ohun tí wọ́n kọ́ ọ. Mo gbọ́ pé àwọn tó ń kọ́ afárá àti ilé ìwòsàn ń lo ọ̀nà ìṣètò yẹn, ó sì ń gbè wọ́n. Ọkùnrin tiwa yìí kàn gbé e wálé bí ẹni tó ra fìlà tó tóbi ju orí rẹ̀ lọ ni.

Ìjọ Aládùúrà wa, Òkè Ìmọ́lẹ̀, ní ṣẹ́ẹ̀dì kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ibẹ̀ ni àwọn ìyá ìjọ ti ń ṣe pupuru. Ẹni tí kò bá mọ pupuru, kí ó gba ìlú wa kọjá lẹ́ẹ̀kan péré, yóò jẹ ẹ́. A ó rẹ ẹ̀gẹ́ sínú omi, a ó yọ okùn inú rẹ̀, a ó fún omi rẹ̀ dànù, a ó gún un, a ó mọ ọ́n roboto, a ó wá tò ó sórí àjà kí èéfín àti iná gbẹ ẹ́. Nígbà tí a bá fẹ́ jẹ ẹ́, a ó họ dúdú ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò, a ó lọ̀ ọ́, a ó rò ó sínú omi gbígbóná. Ọbẹ̀ ẹja ni ó fẹ́.

Ìyá Tóyọ̀sí ni olórí àwọn tó ń ṣe é. Àrìnkẹ́ ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń pè é bẹ́ẹ̀ mọ́ láti ìgbà tó ti bí Olúwatóyọ̀sí. Ọdún mẹ́tàlélógún ló ti fi ń gbé pupuru sẹ́yìn ọ̀kadà lọ sí ọjà Òkìtìpupa, orúnkún rẹ̀ sì ti ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́. Kò tọrọ ohun púpọ̀ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ohun tó ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ju pé kí ọkọ̀ kan máa wá bá pupuru rẹ̀ ní Ìkọ̀yà, kí òun yé gun ọ̀kadà.

Ọlọ́run gbọ́. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Judith, tó ní ilé oúnjẹ ìbílẹ̀ ní Àkúrẹ́, tọ́ pupuru náà wò níbi ìsìnkú kan, ó sì ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ ní Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù. Kí àwọn ìyá ìjọ ṣe ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ìṣù sílẹ̀ de òun. Bó bá dára, ọkọ̀ òun yóò máa wọ Ìkọ̀yà ní gbogbo Sátidé. Bí kò bá dára, àwọn ará ìlú mìíràn ń dúró de òun.

Ìyá Tóyọ̀sí fi ọ̀rọ̀ yìí dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ Àìkú. Àṣìṣe rẹ̀ nìyẹn. Kò tíì jókòó tán tí Gbádégẹṣin fi dìde lórí ìjókòó iwájú.

"Màmá, ẹ ṣeun. Ta ni aláṣẹ pírójẹ́ẹ̀tì yìí?"

"Pírójẹ́ẹ̀tì wo? Pupuru ni."

"Níbo ni ètò rẹ̀ wà?"

Ìyá Tóyọ̀sí fọwọ́ kan gèlè rẹ̀. "Ó wà nínú orí mi."

Gbádégẹṣin yíjú sí ìjọ, ó rẹ́rìn-ín ẹni tó mọ̀wé, ó ní: "Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe fẹ́ fi ìjọ ṣeré níwájú àlejò Àkúrẹ́? Nínú orí!" Bàbá Àgùntàn Olúsànyà, ẹni tó ń darí ìjọ wa, tí kì í fẹ́ kí wọ́n fi ìjọ ṣeré níwájú ẹnikẹ́ni, ní kí Gbádégẹṣin bá wọn ṣètò rẹ̀. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́, mo jẹ́wọ́, nítorí pé èmi ni akọ̀wé ìjọ, mo sì rò pé iṣẹ́ mi máa dín kù.

Ọjọ́ kẹta ló gbé ètò dé. Ojú ìwé mẹ́rìnlélọ́gọ́ta! Ètò Àgbà wà níbẹ̀, Ètò Ìpele wà níbẹ̀, Ètò Ẹgbẹ́ wà níbẹ̀. Ọ̀kan tún wà tó pè ní Ètò Bí-Nǹkan-Bá-Yẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn, òfìfo ni ojú ìwé rẹ̀, nítorí ó ní kò sí ohun tó lè yẹ̀ lábẹ́ àkóso òun. Lójú ìwé kẹrin, ó túmọ̀ pupuru fún àwọn tó ti ń ṣe é kó tó mọ̀ ọ́n jẹ: "Pupuru: ohun roboto, dúdú lóde, funfun nínú, tó ṣeé jẹ fún ènìyàn."

Dora, tí ẹnu rẹ̀ mú jù nínú àwọn obìnrin náà, béèrè pé: "Ọ̀gá, ẹ ti bi pupuru bóyá ó gbà bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ̀yin ẹ fọwọ́ síbẹ̀," ni Gbádégẹṣin wí. Wọ́n fọwọ́ sí i.

Ó ní iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní bọ́ọ̀dù tó máa darí rẹ̀, bọ́ọ̀dù sì gbọ́dọ̀ ní ẹni mẹ́ta: ẹni tó ni iṣẹ́, ẹni tó máa lo ohun tí a ṣe, àti ẹni tó ń pèsè rẹ̀. A rò pé yóò pe Bàbá Àgùntàn, yóò pe Ìyá Tóyọ̀sí. Rárá. Òun ló ni iṣẹ́, nítorí ìjọ gbé e lé òun lọ́wọ́. Òun ló máa lò ó, nítorí òun ń jẹ pupuru. Òun ló ń pèsè rẹ̀, nítorí bàbá rẹ̀ gbin ẹ̀gẹ́ nígbà ayé rẹ̀.

Ojú mi báyìí ni wọ́n ṣe ìpàdé àkọ́kọ́, èmi ni mo ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ó to àga oníke mẹ́ta. Ó jókòó sí àkọ́kọ́, ó ní: "Ṣé a fọwọ́ sí Ìpele Kìíní, bíbó àti rírẹ ẹ̀gẹ́?" Ó dìde, ó tún kóòtù ṣe, ó jókòó sí ìkejì, ó ní: "Mo fara mọ́ ọn, Alága." Ó bọ́ sí ìkẹta, ó ronú díẹ̀, ó gbá àgbọ̀n mú. "Ẹ jẹ́ ká ṣọ́ra o," ló wí, "ṣùgbọ́n èmi náà fara mọ́ ọn." Ó padà sí àkọ́kọ́, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé gbogbo wọn pé.

Òfin kan ṣoṣo ló wà tí kì í yí padà: ìpele kan kò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ bí bọ́ọ̀dù kò bá tíì jókòó fọwọ́ sí i pé èyí tó ṣáájú ti parí. Kí ẹnikẹ́ni má bàa fi ojúkòkòrò bẹ̀rẹ̀ Ìpele Kejì, ó ti ṣẹ́ẹ̀dì pa lẹ́yìn tí wọ́n da ẹ̀gẹ́ sómi ní Sátidé, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ sínú àpò kóòtù rẹ̀. Ní Mọ́ńdè, ó wọ ọkọ̀ lọ sí Èkó. Ó ní òun lọ tẹ àpò ọ̀rá tí a máa kó pupuru sí, òun yóò sì dé ní Túsìdè.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ẹ̀gẹ́, ẹ ti ń rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ mẹ́rin ló ń lò nínú omi. Bó bá pé mẹ́rin, ó ti rọ̀, a gbọ́dọ̀ yọ ọ́. Túsìdè kọjá, Gbádégẹṣin ò dé. Ní Wẹ́sìdé, àwọn obìnrin dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú agbọ̀n lọ́wọ́, òórùn ẹ̀gẹ́ ń wá kí wọn láti abẹ́ ilẹ̀kùn. Mo bá Ìyá Tóyọ̀sí tẹ Gbádégẹṣin láago, mo sì gbé ohùn rẹ̀ síta kí gbogbo wa lè gbọ́.

"Ọ̀gá, ẹ̀gẹ́ ti tó yọ o," ni Ìyá Tóyọ̀sí wí.

"Ẹ ti kọ ìwé ìparí ìpele?"

"Ẹ̀gẹ́ éè mọ̀wé, ọma mi. Ó ti rọ̀."

"Màmá, mo fi ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí àyè ìyọ̀ǹda sínú ètò. Ó lè pẹ́ ní ọjọ́ kan, kò sí wàhálà."

"Ọjọ́ kan yẹn dà? Ìgbà wo lẹ ń bọ̀?"

Gbádégẹṣin kẹ́dùn lórí fóònù. Ó ní àwọn atẹ̀wé ti tẹ àpò náà lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n imú òun tóbi jù nínú àwòrán, òun sì ti ní kí wọ́n tún un tẹ̀.

Dora yí ojú padà sí mi. "Imú ta ni?"

Ìgbà yẹn la tó mọ̀ pé àwòrán rẹ̀ ló wà lára àpò pupuru wa. Inú bí mi débi pé mo lọ gbé ètò náà, mo sì kà á dé ibi tí kò sẹ́ni tó kà á dé rí. Lójú ìwé kọkànlélógójì, ó wà níbẹ̀ kedere: "Ẹni tí Ìyáàfin Judith yóò máa bá dòwò: Ọ̀gbẹ́ni Gbádégẹṣin nìkan. Àwọn obìnrin: òṣìṣẹ́ abẹ́ rẹ̀." Ọdún mẹ́tàlélógún lẹ́yìn ọ̀kadà, òṣìṣẹ́ abẹ́ rẹ̀!

Ìyá Tóyọ̀sí fẹ́ fọ́ ilẹ̀kùn. A lọ bá Bàbá Àgùntàn. Bàbá Àgùntàn wo fáìlì, ó wo ilẹ̀kùn, ó ní ká ní sùúrù, pé ẹni tó lọ sílé ẹ̀kọ́ mọ ohun tó ń ṣe. Ìyá Tóyọ̀sí jókòó sórí òkúta lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń fi ọwọ́ ra orúnkún rẹ̀.

Fúráídè, ọ̀sán, ni Ọ̀gá dé pẹ̀lú ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta àpò. Ó jókòó sórí àga mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́sẹẹsẹ, ó fọwọ́ sí i, ó ṣí ilẹ̀kùn. Òórùn tó jáde ti gbogbo wa sẹ́yìn. Ẹ̀gẹ́ ti di ọbẹ̀ nínú omi. Bí ẹ bá fọwọ́ mú un, ó gba àárín ìka yín kọjá.

"Ó bàjẹ́," ni Ìyá Tóyọ̀sí wí.

"Kò sí ọ̀rọ̀ 'ó bàjẹ́' nínú ètò," ni Gbádégẹṣin dáhùn. "Ìpele Kejì, Ìkẹta àti Ìkẹrin á parí kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ dá iná ńlá!"

Wọ́n dá iná ńlá. Ohun tí a máa ń fi ọjọ́ méjì gbẹ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, iná jó ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú ní wákàtí díẹ̀. Ní àárọ̀ Sátidé, a kó ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ìṣù sínú ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta Gbádégẹṣin tó ń rẹ́rìn-ín, imú rẹ̀ kéré, eyín rẹ̀ pọ̀. PUPURU GBÁDÉGẸṢIN ni wọ́n kọ síbẹ̀, orúkọ rẹ̀ tóbi ju ti pupuru lọ.

Judith dé ní aago mẹ́wàá pẹ̀lú awakọ̀ rẹ̀. Gbogbo ìjọ ti pé nínú aṣọ funfun, láìwọ bàtà gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa, àfi Gbádégẹṣin, ẹni tó ní bàtà wà lára aṣọ aláṣẹ. Ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí ka ètò láti ojú ìwé kìíní. Ó ka bí òun ṣe bó ẹ̀gẹ́. Ó ka bí òun ṣe rẹ ẹ́. Nígbà tó ka bí òun ṣe mọ ọ́n, Dora wo ọwọ́ Ọ̀gá tó mọ́ roro, ó súfèé.

Judith ní sùúrù dé ojú ìwé kọkànlá. "Ọ̀gá, ẹ dákun, ẹ̀yin gan-an lẹ ṣe gbogbo èyí?"

"Ẹ wò ó fúnra yín, Madáàmù." Ó na fáìlì sí i. "Níwájú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, a kọ ẹni tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ kà á."

Judith kà á. "Gbádégẹṣin. Gbádégẹṣin. Gbádégẹṣin." Ó ṣí ìwé síwájú. "Gbádégẹṣin."

"Iṣẹ́ pọ̀," ni ọkùnrin náà wí, ó sì fi áńkáṣíìfù nu ọrùn.

Judith ṣí àpò kan, ó mú ìṣù jáde, ó fi ọ̀bẹ là á sí méjì. Omi jáde láti inú rẹ̀. Òórùn tẹ̀lé omi. Awakọ̀ rẹ̀, ẹni tó jìnnà sí tábìlì tó ìwọ̀n ìgbésẹ̀ mẹ́wàá, fi ọwọ́ bo imú, ó sì wo bàtà ara rẹ̀ bóyá òun ló tẹ nǹkan.

"Kí lèyí?" ni Judith béèrè.

Ẹ wo bí ojú ṣe yí padà! "Àwọn obìnrin yìí ni!" ni Gbádégẹṣin kígbe. "Mo sọ fún wọn! Aláìgbọràn ni wọ́n, Madáàmù, wọn ò mọ ètò!"

Judith ò gbé ohùn sókè. Ó kàn ṣí fáìlì ni. "Ojú ìwé kejìlélógún. Yíyọ ẹ̀gẹ́ nínú omi lásìkò. Ẹni tó wà lọ́wọ́ rẹ̀: Ọ̀gbẹ́ni Gbádégẹṣin. Ẹ fọwọ́ sí i. Gbígbẹ rẹ̀ lórí iná: Ọ̀gbẹ́ni Gbádégẹṣin. Ẹ fọwọ́ sí i lẹ́ẹ̀mẹta."

"Bọ́ọ̀dù ló fọwọ́ sí i," ló wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Ta ni bọ́ọ̀dù?"

Gbogbo ìjọ, láti orí Bàbá Àgùntàn dé orí àwọn akọrin, na ìka sí i.

Ìgbà yẹn ni Dora rántí ohun kan tí mo ti kà fún wọn nínú ètò náà. Ẹ kú ìrántí, Dora! "Àǹtí, ẹ bá wa ka ojú ìwé kejìléláàádọ́ta."

Gbádégẹṣin fẹ́ gba fáìlì. Judith yí ẹ̀yìn sí i, ó kà á sókè: "Àyẹ̀wò dídára. Kí oníbàárà tó tọ́ ọ wò, Alága Bọ́ọ̀dù yóò jẹ odidi àwo kan ní gbangba, kí a sì ya á ní fọ́tò."

"Kò pọn dandan," ni Gbádégẹṣin wí.

"Ó wà nínú ètò," ni Ìyá Tóyọ̀sí wí.

Omi ti hó lẹ́yìn ṣẹ́ẹ̀dì. Dora họ ìṣù kan, ó lọ̀ ọ́, ó rò ó, ó bù ú, ó gbé e wá pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹja tó jẹ́ pé ẹja inú rẹ̀ ló ṣeni láàánú jù. Bí ooru rẹ̀ ṣe ń jáde, ìlà àkọ́kọ́ gbé àga sẹ́yìn. Ọ̀gá wa bu òkèlè kan. Ó gbé e mì. Ó rẹ́rìn-ín sí fóònù tí wọ́n fi ń ya á. Ó bu ìkejì, ẹ̀rín náà dúró lójú rẹ̀ ṣùgbọ́n omi bẹ̀rẹ̀ sí jáde lójú. Ẹ̀kẹta ò tíì dé ọ̀fun tí ọkùnrin náà fi fò dìde, tí fáìlì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fọ́nká sílẹ̀, tó sì sá gba àárín àwọn akọrin kọjá lọ sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, kóòtù rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. A gbọ́ ìyókù. Bàbá Àgùntàn fi Bíbélì bo ojú, èjìká rẹ̀ ń mì. Mo rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn mí, mi ò sì tọrọ àforíjì.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rín yẹn ò pẹ́ lẹ́nu wa. Judith ti ń nu ọwọ́ rẹ̀. Awakọ̀ ti ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀.

Ìyá Tóyọ̀sí dìde. Ó rìn lọ bá a pẹ̀lú orúnkún rẹ̀ yẹn, kò sì yára. "Ọma mi, dúró. Èyí tí o rí yìí, éè ṣe uṣẹ́ mi. Mo mọ̀ pé ojú ló ń tì ọ́ láti sọ̀rọ̀ sí wa. Ojú ń ti èmi náà. Padà wá ní Sátidé tó ń bọ̀."

"Màmá, ọ̀nà jìn. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé á yàtọ̀?"

Ìyá Tóyọ̀sí na ọwọ́, ó ń ká ìka kọ̀ọ̀kan. "Òní, Sátidé, a wú u, a bó o, ó wọ omi. Wẹ́sìdé, Dora á yọ ọ́, kò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Bí òjò bá rọ̀, tí omi tutù, a fi ìdajì ọjọ́ kún un. Mo máa fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ kí n tó mọ̀. Alẹ́ Wẹ́sìdé, ó wà lábẹ́ òkúta kí omi rẹ̀ lè jáde. Tọ́sìdè, a gún un, a mọ ọ́n, ó gun àjà. Iná kékeré, Tọ́sìdè àti Fúráídè. Èyí tí kò bá gbẹ, mi ò ní fún ọ. Wàá gba iye tó bá gbẹ."

Judith bẹ̀rẹ̀, ó mú ewé kan nínú ètò tó fọ́nká sílẹ̀, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà, ó sì kọ gbogbo ohun tí Ìyá Tóyọ̀sí sọ síbẹ̀. Kò kún ìdajì ojú ìwé. Ó kà á padà fún un, Ìyá Tóyọ̀sí tún ọ̀rọ̀ òjò ṣe níbì kan, Judith sì ká a sínú báàgì.

"Aago mẹ́wàá, Sátidé," ló wí. "Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ mi á máa bọ̀ títí tó fi máa sú yín, Màmá."

Ọkọ̀ rẹ̀ ò tíì dé títì tí àwọn obìnrin fi ń bọ́ sùtánà, tí wọ́n ń wá àdá àti agbọ̀n. Kò sí àdúrà ìparí. Bàbá Àgùntàn fúnra rẹ̀ ló gbé agbọ̀n méjì, ó ní òun jẹ wọ́n ní gbèsè ilẹ̀kùn kan tí òun kò jẹ́ kí wọ́n fọ́.

Mò ń ṣa bébà nílẹ̀ nígbà tí Gbádégẹṣin padà dé, ojú rẹ̀ ti rù, kóòtù wà lápá. Ó wo ibi tí ìjọ wà tẹ́lẹ̀.

"Akọ̀wé, àwọn ènìyàn dà? Mo fẹ́ ṣàlàyé fún wọn."

"Wọ́n ti lọ wú ẹ̀gẹ́, Ọ̀gá. Bí kò bá wọ omi lónìí, kò lè yá ní Sátidé."

"Láì dúró dè mí?" Ó wo ọ̀nà oko títí. Wọ́n ti jìnnà, orin wọn nìkan là ń gbọ́. "Ìgbà wo ni wọ́n máa wá ráyè gbọ́ mi?"

Mo ṣírò rẹ̀ fún un dáadáa, nítorí mi ò fẹ́ ṣi ọkùnrin tó fẹ́ràn déètì lọ́nà. "Sátidé," ni mo wí, "lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti gbé pupuru lọ." Mo wá gbé agbọ̀n mi, mo sáré tẹ̀lé wọn.